Sonata tòkunbọ̀ mi ní rìkọ́ọ̀lù lórí ẹ́ńjìnì, wọ́n ní ó lè gbiná: ta ni yóò bá mi tún un ṣe ní Nàìjíríà?

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló gba oorun lójú mi láti ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ mọ́tò dunjú wà níbí, àwọn tó ń gbé òkè òkun náà wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Hyundai Sonata 2013 ni mò ń wà. Tòkunbọ̀ ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wọlé. Ó di oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí mo rà á. Owó alájẹṣẹ́kù ni mo fi rà á, mo ṣì ń san án lóṣooṣù. Òun ni mo fi ń gbé àwọn ìbejì mi lọ sílé ìwé ní Bódìjà láràárọ̀, òun náà ni mo fi ń kó ọjà lọ sí Àlẹ́ṣinlọ́yẹ́, aṣọ ọmọdé ni mò ń tà. Kí n sọ òótọ́, mọ́tò náà kò tíì fún mi ní wàhálà kankan rí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í pariwo, kì í gbóná. N kò wá síbí láti wá bú mọ́tò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Márúwá kan gbá dígí ẹ̀gbẹ́ mi lọ ní Ìwó Róòdù. Mo ní kí àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Maryland bá mi wá òmíràn níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò àlòkù. Ó ní kí n fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́, kí wọ́n má baà kó èyí tí kò bá a mu fún òun. Mo jáde ní ìdájí, mo fi etí ìró mi nu eruku ọyẹ́ kúrò lára gíláàsì iwájú lápá ọwọ́ dẹ́rẹ́bà, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, mo ń kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá Táíwò: 5, N, P, E, títí ó fi pé mẹ́tàdínlógún. Kò pẹ́ ni àbúrò mi pè mí padà pé kò wọlé. Mo tún lọ wò ó. Mo ti kọ lẹ́tà O síbi tí òdo wà. Ó ní nínú nọ́ńbà ṣásí, wọn kì í lo lẹ́tà I, wọn kì í lo O, wọn kì í lo Q, torí kí ènìyàn má baà ṣì wọ́n kà sí 1 àti 0.

Ẹnu pé ó ń wá dígí ló ti bá nǹkan mìíràn pàdé. Ó fi nọ́ńbà yẹn sí ojú ìwé àjọ tó ń mójú tó ààbò mọ́tò ní Amẹ́ríkà, NHTSA. Wọ́n ní rìkọ́ọ̀lù kan wà lára mọ́tò mi tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ti pè é padà pé kí wọ́n gbé e wá kí àwọn tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín nígbà náà kò sì gbé e lọ. Bíárìn inú ẹ́ńjìnì ni wọ́n sọ pé ó lè jẹ, kí ẹ́ńjìnì sì kú lójijì lórí ìrìn. Àbúrò mi kà síwájú, ó ní irú ẹ́ńjìnì yìí ti gbiná lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

Lẹ́tà ìpè yẹn, ojúlé kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Bóyá ẹni náà ti ta mọ́tò kó tó dé, bóyá ó rí i tó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Èmi tí mò ń gbé ọmọ méjì sínú rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà láyé.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, “Màdámù, nígbà tí ẹ wá gbọ́ ẹ́ńjìnì yẹn, ṣé ó pariwo? Ojúlówó ni mo tà fún yín.” Ó ní òun ń wakọ̀ lọ́wọ́, ó sì pa fóònù.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ibi tí mò ń pa á sí. Abẹ́ bákónì ni. Yàrá àwọn ọmọ ló wà lókè ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kéègì epo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọdún kan ó lé oṣù méjì ni mo ti ń pa á síbẹ̀ lálaalẹ́.

Ṣé ẹnì kan wà ní Nàìjíríà tó máa ṣe àtúnṣe yìí lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún? Tí kò bá sí, ṣé mo ṣì lè máa gbé ọmọ sínú rẹ̀? Àwọn kan ní kí n tà á kíá. Tí mo bá tà á láìsọ, ọmọ ẹlòmíràn ló máa wọ inú rẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á.

Láńre Ṣakí

Màdámù, ẹ fọkàn balẹ̀. Mọ́tò tó ti ń rìn láti 2013, tó bá máa bàjẹ́, á ti bàjẹ́ tipẹ́. Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló ń ba àwọn òyìnbó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà káàkiri lórí nǹkan kékeré. Bàbá mi wa Datsun kan fún ogún ọdún, kò gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì yín lásìkò. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ̀yin àti àwọn ìbejì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Texas

Àǹtí, ẹ kú àníyàn ọmọ. Iṣẹ́ mọ́tò ni mò ń ṣe níhìn-ín láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo sì ti fọwọ́ ara mi ṣe rìkọ́ọ̀lù yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Bọ̀ọ̀dá Láńre, ẹ má bínú, n kò lè gbà pẹ̀lú yín lórí èyí. Mọ́tò mìíràn a máa rìn dáadáa fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó di pé bíárìn rẹ̀ jẹ. Pé kò tíì ṣẹlẹ̀ kọ́ ni pé kò ní ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Theta II ni orúkọ ẹ́ńjìnì yẹn, lítà 2.4 àti lítà 2.0 tó ní túbò. Nínú ẹ́ńjìnì, ọ̀pá irin kan wà tó ń yí, kráńkì là ń pè é, kọ́nrọ́ọ̀dù ló sì so pístìnì mọ́ ọn. Níbi tí kọ́nrọ́ọ̀dù ti gbá kráńkì mú, bíárìn pẹlẹbẹ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́dọ́ bí èékánná. Bíárìn yẹn àti kráńkì kò gbọdọ̀ fara kanra. Ọ́ìlì ló ń gba àárín wọn kọjá, ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Ihò tóóró tí wọ́n lu sínú kráńkì ni ọ́ìlì ń gbà débẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnì náà ní ìpínlẹ̀ Alabama, wẹ́wẹ́ irin kù sínú ihò náà lẹ́yìn tí wọ́n lù ú tán, wọn kò fọ̀ ọ́ kúrò tán. Wẹ́wẹ́ irin yìí ló ń bá ọ́ìlì rìn tó sì ń dí i lọ́nà. Bíárìn tí ọ́ìlì kò bá kárí á gbóná, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Bí wọ́n bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, kọ́nrọ́ọ̀dù á já, á fọ́ ara ẹ́ńjìnì gba ìta yọ. Ọ́ìlì gbígbóná á tú dà sórí sàléńsà tó ti gbóná janjan. Ibẹ̀ ni iná ti ń wá.

Oṣù Kẹsàn-án 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ pe nǹkan bí 470,000 Sonata padà, ti 2011 àti 2012. Ní 2017, Hyundai tún pe nǹkan bí 572,000, Kia, tó ń lo irú ẹ́ńjìnì kan náà, pe nǹkan bí 618,000. Sonata 2013 yín, inú ti 2017 ló wà. Santa Fe Sport 2013 àti 2014 wà níbẹ̀, Optima, Sorento àti Sportage ti ìgbà yẹn náà wà níbẹ̀ lápá Kia, kí àwọn tó ń kà á níbí lè lọ yẹ tiwọn wò. Nígbà tó di 2019, NHTSA ṣèwádìí iná lára mọ́tò Hyundai àti Kia tó tó mílíọ̀nù 3, iná tó kàn sọ láìjẹ́ pé mọ́tò kọlu nǹkan kan. Ẹ̀sùn iná tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà yẹn lé ní 3,100, wọ́n sì ní ènìyàn 103 ló farapa.

Bọ̀ọ̀dá Láńre, ẹni tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe agbẹjọ́rò òyìnbó. Ọmọ Kòríà ni, ẹnjiníà ni nínú Hyundai fúnra rẹ̀, Kim Gwang-ho lorúkọ rẹ̀. Ní 2016 ló kó ìwé lọ bá NHTSA pé mọ́tò tó yẹ kí wọ́n pè padà pọ̀ ju èyí tí wọ́n pè lọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní 2020, ilé iṣẹ́ méjèèjì gbà láti fara mọ́ ìtanràn tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 210 dọ́là. Ní 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fún Kim ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là. Ẹni tó wà nínú ilé ló sọ pé ilé ń jò.

Àǹtí, ẹ wá gbọ́ ti òfin. Rìkọ́ọ̀lù, ara mọ́tò ló lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara ẹni tó ni ín. Bí mọ́tò bá pààrọ̀ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí kò bá tíì pé ọdún 15 tí wọ́n kọ́kọ́ tà á, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á ṣe é níhìn-ín. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kọjá etíkun Amẹ́ríkà. Bí mọ́tò bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tin Can tàbí Kutọnu, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e mọ́.

Ẹ ó sì máa rò ó pé báwo ni wọ́n ṣe tà á láìṣe é. Òfin ìjọba àpapọ̀ níhìn-ín kò ní kí ẹni tó ń ta àlòkù má ta mọ́tò tí rìkọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń fi mọ́tò háyà ni òfin dè, ẹ̀jẹ̀ ló sì mú un wá. Ní 2004, ní California, àwọn ọmọ ìyá méjì, Raechel Houck ẹni ọdún 24 àti Jacqueline ẹni ọdún 20, háyà PT Cruiser kan. Wọ́n ti pe mọ́tò yẹn padà nítorí páìpù ọ́ìlì sitiárìn rẹ̀ tó lè jò kí ó sì gbiná. Wọn kò tún un ṣe, wọ́n fi háyà bẹ́ẹ̀. Iná sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí ìrìn, mọ́tò kọjá sápá kejì ọ̀nà, ó lọ kọlu tírélà. Àwọn méjèèjì kú. Ìyá wọn, Cally Houck, ló jà fún ọdún mọ́kànlá kí òfin tó ń jẹ́ orúkọ wọn tó jáde ní 2015. Nígbàkígbà tí mo bá rí mọ́tò tí wọ́n fẹ́ kó sínú kọ̀ntéénà láìṣe rìkọ́ọ̀lù rẹ̀, ìyá yẹn ni mò ń rántí. Ó dùn mí pé ibi tí òfin rẹ̀ parí sí ni ti wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe: ẹ mú ìwé tí àbúrò yín tẹ̀ jáde, ẹ gbé mọ́tò lọ bá àwọn tó ń ta Hyundai tuntun lọ́dọ̀ yín, kí ẹ béèrè nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, kí wọ́n yẹ bíárìn wò. Ìkejì, kí wọ́n tẹ sọ́fítíwíà KSDS sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnì yín tó ń gbọ́ ìró inú rẹ̀, KSDS ló ń kọ́ ọ láti mọ ìró bíárìn tó ti ń jẹ. Tó bá gbọ́ ọ, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì á máa ṣẹ́jú, mọ́tò á dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, ẹ ó sì ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó di pé ó fọ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, kò gba títú. Wọ́n lè ní kí ẹ sanwó. Bí agbára bá ká a, ẹ san án.

Nǹkan kan kù. Ní January 2019, wọ́n tún pe nǹkan bí 168,000 padà nínú àwọn mọ́tò tí wọ́n ti bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì nítorí rìkọ́ọ̀lù yìí, torí páìpù epo tó ń lọ sínú ẹ́ńjìnì, wọn kò dè é dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì tuntun sí i, ó lè jò. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé “wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì eléyìí ní Amẹ́ríkà,” ẹ ṣì yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò.

Ẹ kúrò lábẹ́ bákónì yẹn lónìí. Ti yín, bí ẹ bá ń wà á ni ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù, àmọ́ kéègì epo àti mọ́tò kò yẹ kó jọ wà lábẹ́ yàrá ọmọ. Fún àwọn tó ní Elantra 2011 sí 2015, Optima 2011 sí 2015 tàbí Sorento 2011 sí 2014, ọ̀rọ̀ tiwọn tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Hyundai àti Kia pe mílíọ̀nù 3.37 padà nítorí ẹ̀rọ ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá bíréèkì ṣiṣẹ́, tí ọ́ìlì bíréèkì lè jò nínú rẹ̀ kí iná sì sọ, kódà bí wọ́n bá ti pa mọ́tò tí wọ́n ti wọlé lọ sùn. Wọ́n ní kí wọ́n máa pa á síta, kó jìnnà sílé, títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Bàbá Rafi Mẹkáníìkì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá yẹn ti sọ ti ìwé, ó sọ ọ́ ire. Èmi á sọ ti abẹ́ igi máńgòrò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti 1994.

Wọ́n gbé mọ́tò kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá lórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Kì í ṣe irú tiyín, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí a gbé e sókè, ihò tó wà lára ẹ́ńjìnì gba ìkúùkù mi. Mo fọwọ́ fa bíárìn rẹ̀ jáde, ó ti fẹ́lẹ́ bíi páálí sìgá, ara rẹ̀ ti dúdú. Mo bi ẹni tó ni ín pé ìgbà wo ló ti ń gbọ́ ìró. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé mẹkáníìkì kan ti bá òun da ọ́ìlì kíki sí i, ìró sì ti lọ sílẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ọ́ìlì kíki kì í wo bíárìn sàn. Ó kàn ń di í lẹ́nu ni. Àwọn kan tó ń ta mọ́tò mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, wọ́n á ti dà á sí i kí oníbàárà tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, ẹ jẹ́ kí ó ti wà ní pípa láti àná, kí ẹ fúnra yín dé bá a ní tútù, kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tàn án níṣojú yín. Bí ẹ bá bá a ní gbígbóná, ẹ sọ pé ẹ ó padà wá lọ́la.

Ìró bíárìn, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Kò-kò-kò, bí ẹní ń fi òòlù kékeré lu ìdí ìkòkò irin. Bí ẹ bá tẹ tírótù, á yára sí i. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ pa mọ́tò níbi tí ẹ bá wà. Ẹ má ní kí n sáà rọra wà á dé ilé. Láàárín ibẹ̀ sí ilé yẹn gan-an ló ti ń fọ́.

Ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ máa fa gééjì yín wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní àárọ̀, níbi tó tẹ́jú, kí ẹ tó tan mọ́tò. Àmì méjì ló wà lórí rẹ̀, kí ọ́ìlì má wà lábẹ́ ti ìsàlẹ̀ láéláé. Ẹ ra ọ́ìlì tí wọ́n dì láti ilé iṣẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀n nínú kéègì. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín. Ẹ ní kí ó sẹ́ èyí tó ń jáde gba inú aṣọ funfun kọjá, kí ó sì gé fílítà sí méjì kí ẹ jọ wò ó nínú oòrùn. Bí wẹ́wẹ́ tó ń dán bá wà níbẹ̀ bíi wúrà tàbí fàdákà, bíárìn ti ń lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mágnẹ́ẹ̀tì, torí ohun tí wọ́n fi ń bo bíárìn, mágnẹ́ẹ̀tì kì í fà á.

Bó bá sì di dandan kí ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ má kàn lọ gbé Bẹ́ljíọ̀mù kan ní Gate torí pé owó rẹ̀ kéré. Irú ẹ́ńjìnì kan náà ni wọ́n tú jáde lára mọ́tò bíi tiyín, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí sọ́ǹpù rẹ̀, àwo ìdí ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì ń wà, níṣojú yín kí ẹ tó sanwó. Páìpù epo tí ọmọ Ẹ̀gbá yẹn sọ, èmi kì í dá ti tẹ́lẹ̀ padà, tuntun ni mo máa ń ní kí wọ́n rà.

Ìyàwó Pásítọ̀ Ìkòròdú

Àǹtí mi, n kò mọ nǹkan nípa bíárìn. Mo kàn fẹ́ sọ nípa faya ẹ̀sìtíńgúíṣà, nítorí iná sọ nínú mọ́tò ọkọ mi lórí Third Mainland, irú mọ́tò mìíràn pátápátá ni. Èéfín ni a kọ́kọ́ rí, tín-ín-rín, láti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa á, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Ó ti di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú láti ṣí i gbàgà, àfi bí dẹ́rẹ́bà dánfó kan ṣe pariwo mọ́ ọn láti ẹ̀yìn pé kí ó má ṣí i. Afẹ́fẹ́ tó máa rọ́ wọ ibẹ̀ ló máa ru iná sókè. Dẹ́rẹ́bà yẹn fa lẹ́fà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí bọ́nẹ́ẹ̀tì kàn là díẹ̀, ó ki ẹnu ẹ̀sìtíńgúíṣà tirẹ̀ bọ àlàfo yẹn, ó tú u síbẹ̀ títí ó fi tán. Iná kú.

Ẹ̀sìtíńgúíṣà tiwa wà nínú búùtù, lábẹ́ ẹrù. Nígbà tí a rí i fà jáde, abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ ti wà nínú pupa tipẹ́, kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ mọ́. Torí Road Safety ni a ṣe ra á. Àǹtí, ẹ fi tiyín sí abẹ́ àga dẹ́rẹ́bà, kí ẹ sì máa wo abẹ́rẹ́ yẹn, inú àwọ̀ ewé ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ kọ́ àwọn ìbejì láti máa tú bẹ́líìtì ara wọn. Ti wa kékeré kò mọ̀ ọ́n tú nígbà yẹn, èmi ni mo padà wọ inú èéfín lọ tú u.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Bọ̀ọ̀dá Láńre, mo gba àdúrà yín, àmín.

Mo ti gbé mọ́tò kúrò lábẹ́ bákónì. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ìta ló ń sùn báyìí. Ọkọ mi ti kó kéègì lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àánú ara mi ló ṣe mí nígbà tí mo rí ibi tó ṣófo náà lábẹ́ fèrèsé àwọn ọmọ.

Ní Sátidé, mo lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa. Mo mú ìdajì aṣọ ìbora funfun kan lọ. Ó kọ́kọ́ wò mí bíi pé n kò gbẹ́kẹ̀ lé e, mo fi ohun tí Bàbá Rafi kọ hàn án, ó kà á tán, ó ní “òótọ́ ni bàbá yìí ń sọ.” Ó tú ọ́ìlì náà gba inú aṣọ, ó dúdú bí omi àró. Ó gé fílítà. A nà án sínú oòrùn, a tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, ó ń fi ìka ṣí i ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, èmi náà ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. A kò rí ohun kan tó ń dán. Mo jókòó sórí táyà àlòkù kan níbẹ̀, ẹkún sì bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rò pé ẹnì kan kú.

Mo mọ̀ pé àìrí i lónìí kò ní kó má sí lọ́la. Mo ti lọ bá àwọn tó ń ta mọ́tò tuntun. Ẹni tó dá mi lóhùn gba ìwé mi, ó ní òun á bi àwọn ọ̀gá òun léèrè nípa KSDS, ó sì gba nọ́ńbà fóònù mi. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní gbé e lọ sí Èkó títí wọ́n á fi ṣe é, inú ìlú nìkan ni mo máa máa wà á, gééjì sì ni mo ń kọ́kọ́ fà kí n tó gbàdúrà àárọ̀. Ìbejì méjèèjì ti mọ bẹ́líìtì tú, Kẹ́hìndé yára ju Táíwò lọ.

Nǹkan mìíràn ni pé àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ san owó Santa Fe kan lọ́sẹ̀ yìí, 2014. Mo ní kó má tíì san kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ṣásí, kí èmi yẹ̀ ẹ́ wò, kò gba ìṣẹ́jú méjì, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó. Ẹni tó ń tà á ní òun á fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òní ni Ọjọ́bọ̀, kò tíì fi ránṣẹ́.